Ọkọ̀ Bàbá Tí Kò Fà Mọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Agbowa, níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ mi, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan tí ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ kò lè gun òkè mọ́.

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín," ni mẹkáníìkì wí. "Sailẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde ló dí. Bí mo ṣe tú u báyìí, ọkọ̀ ń fà dáadáa."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹnìkan wà á ní ìwàkuwà?"

"Rárá o, sà. Ó ti pẹ́ tó ti ń dí díẹ̀díẹ̀."

Bàbá ní, "Ọmọbìnrin mi ni mo ní ó bà á jẹ́, nígbà tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ti já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà tó ti lọ sí Ìbàdàn, kì í gbé ìpè mi."

"Ẹ ò mọ̀ ni, sà."

"Mi ò bèèrè ni." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Mi ò bèèrè."

Mẹkáníìkì nu ọwọ́, ó na fóònù tirẹ̀ sí i. Bàbá mọ nọ́ńbà náà sórí. Nígbà tí ọmọ náà dáhùn, ó yára sọ pé, "Jọ̀ọ́, má tíì pa fóònù. Ìwọ kọ́ lo ba ọkọ̀ jẹ́."