Ológbò tí Mo Fi Ìgbálẹ̀ Tì Jáde

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ìwọ alágbàfọ̀, bí o kò bá fẹ́ jókòó, dúró sẹ́nu ọ̀nà tí o wà yẹn, kò burú; èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tí kì í jókòó nílé yìí mọ́. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ lánàá, ojú rẹ̀ sì ti jíṣẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Mi ò fẹ́ ru ẹrù yìí débi tí mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ ológbò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ológbò kan ṣoṣo ni mo fi ba inú èèyàn méjì jẹ́ fún ọdún méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ọkọ yín kú tí ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi, àpótí aṣọ kan, maṣíìnì ìránṣọ kan àti ológbò rẹ̀ lẹ kó wá. Baálé ni olóògbé sọ ọ́, nítorí ó máa ń rìn yí àgbàlá ká bí ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sun inú ilé rí láyé rẹ̀. Orí odi ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá títì ni ilé tèmi wà, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ ní, “Àbúrò mi, bí eléyìí bá jáde níbí, ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́. A ó kọ́ ọ ní inú ilé gbígbé.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń kọ́ arúgbó níjó?” Ẹ ní, “Èmi tí mo kọ́ ìwọ ní ìwẹ̀ wíwẹ̀.”

Yàrá yín nìkan lẹ kọ́kọ́ fi í sí, kí gbogbo ilé má baà dẹ́rù bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ bu erùpẹ̀ wá láti àgbàlá àtijọ́, ẹ pò ó mọ́ yanrìn inú páànù tí yóò máa yàgbẹ́ sí, kó lè gbóòórùn ilé rẹ̀. Àkókò kan náà ló ń jẹun láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn, ẹ ń wọ́ ọ káàkiri ilẹ̀, ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, kó lè rí nǹkan lé. Bó bá ń ké lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ kò ní ṣí i, ẹ kò sì ní nà án. Ẹ ó jókòó tì í ni, ẹ ó máa rọ̀ ọ́ bí ẹni ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Èmi náà kan ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn ilé, mo fi ìkọ́ sí i, kó lè máa wo ìta láì jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ẹ̀yin lẹ fẹ̀sọ̀ mú un. Ẹ fetí sí bí mo ṣe bà á jẹ́.

Alágbàfọ̀, ìwọ lọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi ní ládùúgbò yìí. Gbogbo Ọjọ́rú lò ń wá. Bí o bá gbé agbọ̀n aṣọ jáde, ìdí lo fi ń ti ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n mi á sì ké láti yàrá: “Onídìí ńlá, ìkọ́ o!” Ìwọ á ní, “Màmá, mo ti kọ́ ọ! Ṣé ọkọ mi ni Baálé ni, tí màá fi máa ṣọ́ ọ?” Ẹ̀rín á gba ilé kan.

Ọ̀sẹ̀ keje pé ní Ọjọ́rú kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ fún àyẹ̀wò ojú; alágbàfọ̀ fọṣọ tán, ó lọ. Mo wọ pálọ̀, mo bá kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án mú dán fún oníbàárà mi, èékánná ti ya á látòkè délẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń sọ fún mi pé, “Gbẹ́ igi kan fún un tí yóò máa họ.” Mo ní ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi, káfíńtà tí àgékù igi kún ilé rẹ̀! Ẹ̀bi mi ni mo rí lára kọ́bọ́ọ̀dù náà, ológbò ni mo sì bínú sí. Mo yọ ìkọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì gbayawu. Baálé kò jáde. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ nu ojú, ó kọjú padà sínú ilé. Ṣé ẹ gbọ́? Ó ti kọ́ ọ tán. Iṣẹ́ yín ti yọrí sí rere. Mo mú ìgbálẹ̀, mo fi tì í jáde.

Nígbà tí ẹ dé, ẹ bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹ bi mí. Mo ní, “Alágbàfọ̀ ló jáde kẹ́yìn.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ẹ ránṣẹ́ pè é. Ó ní, “Màmá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ìkọ́ yẹn. Ẹ wojú mi.” Ẹ kò wojú rẹ̀. Ẹ ní kó gbé agbọ̀n rẹ̀ kó máa lọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, tèmi wà lọ́wọ́ mi digbí. Ó sunkún débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀ kan sẹ́yìn ilé. Èmi ń wò ó. Mo bu omi mu.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ń wọ́ ìyẹ́ adìẹ lójú títì, tí ẹ ń pe Baálé. Mi ò lè wò ó mọ́, àmọ́ dípò kí n sọ òótọ́, mo fi irọ́ bo irọ́. Mo ní ọkọ̀ ti tẹ̀ ẹ́, mo ti sin ín. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo da èérún igi sí i, mo bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, èérún igi lẹ sunkún lé lórí.

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán gangan, mo jáde sẹ́yìn ilé, mo bá Baálé níwájú ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbẹ, etí rẹ̀ kan ti ya. Ó jókòó, ó ń dúró de ẹni tí yóò yọ ìkọ́. Ẹ wà nínú yàrá. Mò ń gbọ́ ìró maṣíìnì yín. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Bó bá wọlé, irọ́ mi tú. Mo gbé e sínú àpò ìṣó, mo wọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lódìkejì odò, mo sì tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú àpò, kò ké, kò ja. Ẹ ti kọ́ ọ pé kò sí ẹni tí yóò ṣe é níbi nínú ilé yìí.

Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Wọ́n jẹ ṣòkòtò mi méjì, mi ò lẹ́nu láti bínú. Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò tí ẹ ń yọjú lójú fèrèsé yẹn, ẹ wọlé kí ẹ gbọ́: ìbínú ìṣẹ́jú kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Baálé ṣì wà láàyè. Mo ti lọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Bó bá ti rí mi, orí gẹdú ló ń sá gùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Alágbàfọ̀, mo bẹ̀ ọ́. Bàtà rẹ wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, ọjọ́ kan kò kọjá kí n má rí i. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí, ẹ ṣáà jọ lọ mú un wá. Ẹ mú ìyẹ́ adìẹ dání. Igi tí yóò máa họ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Oṣù méjì ni mo fi gbẹ́ ẹ lórí àìsàn yìí. Bó bá sì dẹ́nu ọ̀nà, tó gbóòórùn mi, tí kò fẹ́ wọlé, ẹ má fipá mú un. Yàrá kan la fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni kí ẹ tì mọ́ yàrá lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹ fi ìyókù ilé sílẹ̀ fún un.