Fóònù Inú Ìró

Ní ìsọ̀ kan ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin, mo gbọ́ bí aboyún kan ṣe ń bi ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe léèrè.

"Tonton, ṣé fóònù yìí ò ní ṣe ọmọ inú mi ní nǹkan? Inú ìró ni mo ń so ó sí, kí n lè tètè gbọ́ bí ọkọ mi bá pè."

"Níbo lò ń gbé?"

"Alafiarou."

"Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jìnnà sí yín. Bí òpó bá jìnnà, ńṣe ni fóònù máa ń pariwo kí òpó lè gbọ́ ọ."

"Mi ò gbọ́ ariwo kankan."

"Ariwo tí etí èèyàn ò gbọ́ ni, agbára tó ń tú jáde ló ń pọ̀ sí i. Mi ò sọ pé ó ń pa ọmọ lára o, àmọ́ má so ó mọ́ ikùn mọ́."

Obìnrin náà tú u nínú ìró, ó gbé e sórí àga. Kò pẹ́ tó fi dún. Kò gbé e sétí, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta, gbogbo wa tó wà níbẹ̀ sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń ta mí nípàá. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Lọ́sẹ̀ yìí," ni ọkùnrin náà wí.