Gbólóhùn Kan Tí Tíṣà Kọ́ Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní Ìrókò níbí, ìgbà yẹn ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ọmọ máa lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ pọ̀, tíṣà ò tó... Ẹni tó bá ṣáà ti ka ìwé mẹ́fà, wọ́n á ní kó wá kọ́ wa. Bí Tíṣà Àkànní ṣe dé nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kì í nà wá. Ẹ gbọ́ o, láyé ìgbà yẹn, tíṣà tí kì í na ọmọ! Bàbá mi ní, "Èyí ò ní í pẹ́ níbí."

Ìwọ Bísí, iṣẹ́ tí wọ́n ní kó o ṣe wálé yìí, "already", "yet", "never"... òun náà ló kọ́ wa. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀ ń sọ ọ́ nílé? Mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun. Mi ò jẹ ẹ́ rí. Èdè òyìnbó náà ní tiẹ̀." Ó yé wa yékéyéké.

Ìgbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pé alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀. Ohun tó bá rí ló máa sọ bóyá wọ́n á fi tíṣà sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ tàbí wọ́n á ní kó máa lọ. Ẹ̀rù ba Tíṣà. Ló bá pín gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún wa ká há a sórí. Tèmi ni "I have never been to Lagos", pé mi ò dé Èkó rí. Mo sọ ọ́ lódò, mo sọ ọ́ nídìí ọlọ, títí ó fi sú ìyá mi. Wọ́n ní, "Sàrátù, ta ló bi ọ́ léèrè Èkó?"

Alábẹ̀wò dé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni o, ṣòkòtò péńpé funfun, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún. Èmi ló kọ́kọ́ nàka sí. Ó fi èdè òyìnbó bi mí pé kí ni mo ti ṣe láàárọ̀ yẹn. Ṣé ìyẹn wá le? Mo ti pọnmi. Mo ti gbálẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ gbogbo ẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù... Bí mo ṣe lanu báyìí, "I have never been to Lagos, sir." Ó tún bi mí. Èmi náà tún dé Èkó. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo tíṣà, ó kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀.

Kí sáà náà tó parí, lẹ́tà dé. Wọ́n ní kí Tíṣà máa lọ.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó yà nílé wa. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi pé, "Sàrátù dà? Ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ o. Èmi ni mo fi gbólóhùn kan dí i lẹ́nu." Ẹ̀yìn ààrò ni mo wà. Ìtìjú ò jẹ́ kí n jáde. Ó dúró díẹ̀, ó gbé àpótí ẹ̀, ó gba ojú títì lọ. Mi ò fojú kàn án mọ́ títí dòní.

Hmm. Ẹ̀yin ń sọ òyìnbó bí ẹni ń mumi, ó dáa. Tíṣà tó mọ̀wé ju Àkànní lọ kọ́ mi lẹ́yìn ẹ̀, mi ò rántí orúkọ ìkankan nínú wọn. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Tẹ́nì kan bá wá dágbére fún ọ, bó ti wù kí ojú tì ọ́ tó... jáde sí i. Jẹ́ kó rí ọ kó tó lọ.