Tápù Tí Mo Yí Pa Lẹ́yìn Ilé Mama Verna

Ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó sí mi láyà bí òkúta. Lónìí mo fẹ́ gbé e sílẹ̀, ibi tó bá bọ́ sí ni kó bọ́ sí. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní Ọgbà Àparò, ẹ̀yin tí ẹ dì mọ́ mi níbi ìsìnkú Mama Verna tí ẹ ní, "Yesenia, Ọlọ́run á san án fún ẹ," ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àdúrà yẹn padà. Ooru nìkan kọ́ ló pa Mama Verna.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Ìyá mi ń to dàbínù sínú páálí ní ìlú Thermal, èmi sì ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọgbà wa ní Palm Springs, láàárín aṣálẹ̀ California. Ẹ rántí bó ṣe rí: ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, irú èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ fà wá láyé àtijọ́ tí táyà wọn ti rì sínú iyanrìn, odò ìlúwẹ̀ẹ́ kan sì wà láàárín. Bí ooru bá ti dé, ẹni tó níbi tó máa lọ á sá lọ sí ìlú tútù, á wá ku arúgbó mẹ́wàá tàbí méjìlá. Nítorí tiwọn la ṣe ní àṣà aṣọ pupa. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n á fi aṣọ ìnura pupa kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á mú un wọlé. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, èmi á rìn yí ọgbà ká. Ilé tí aṣọ bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí n kan ilẹ̀kùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n sọ.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Mama Verna. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn òṣèré sinimá ló ń kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́, títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò sì sí àárọ̀ tí kì í wọ odò. Inú balùwẹ̀ ló ń kó ìwé ìtàn rẹ̀ sí, nítorí ó ní ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ìwé tí mo kà lẹ́yìn ìyẹn, balùwẹ̀ yẹn ni mo ti yá wọn. Mo lè mú ọ̀kan lọ ní Mọ́ńdè kí n dá a padà ní Túsìdeè. Á wò mí lókè-délẹ̀, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwé lò ń kà ni àbí ò ń jẹ ẹ́?"

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Thayer, aṣojú ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba ilẹ̀ ọgbà wa, dé pẹ̀lú àwòrán ńlá. Wọ́n fẹ́ wó ọgbà wa, kí wọ́n kọ́ ilé ìtura àti ilé onígíláàsì síbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Ó fi ìka lé fèrèsé kékeré kan nínú àwòrán náà. "Yesenia, wo ibí yìí dáadáa. Bí gbogbo wọn bá fọwọ́ sí i, tìẹ ni. Ìwọ láá máa gba àlejò nísàlẹ̀, wàá máa sùn lókè." Fèrèsé náà kọjú sí òkè San Jacinto. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, ọmọbìnrin tó bá dúró lójú fèrèsé tó ń wo òkè ni ohun rere máa ń wá bá. Mo rò pé fèrèsé ló ń fà á.

Ní ìparí oṣù keje, ọgbọ̀n ilé ti fọwọ́ sí i. Mama Verna nìkan ló kù. Ó ní, "Ibí ni mo ti sin ọkọ mi. Kí n wá kó ẹrù torí pé ẹnìkan fẹ́ jókòó sínú omi kó máa mu wáìnì? Wọn ò tíì bí i."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Thayer kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó rí kúlà olómi tó ń mú ilé rẹ̀ tutù lára ògiri, ó dúró. "Èyí náà ló ṣì ń lò? Bí nǹkan yìí bá daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, ìyá yìí fúnra rẹ̀ á wá tọrọ bírò lọ́wọ́ wa." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, ọwọ́ mi ló bọ́ sí.

Ẹ̀yin náà mọ kúlà wọ̀nyẹn. Omi ló ń rin koríko gbígbẹ inú wọn, afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì tutù. Bí omi kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ lu ènìyàn, bí ìgbà tí a ṣí ẹnu ààrò. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí Mama Verna wà nínú odò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, mo yí tápù kékeré tó ń gbé omi lọ sínú kúlà pa. Kò gbà mí ju kí ènìyàn so okùn bàtà lọ. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ méjì ni. Mo ní á lọ bá Curtis ọmọ rẹ̀ ní Oregon, ara á tù ú, á tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run mi, bí ènìyàn ṣe mọ irọ́ pa fún ara rẹ̀ tó!

Nígbà tó di ọ̀sán, ó pè mí. "Yesi, kúlà mi ti ya wèrè o. Iná ló ń fẹ́ sí mi. Ṣé kí n pe Ramón tó ń tún kúlà ṣe kó wá wò ó?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mama. Èmi á pè é."

Ní ọjọ́ kejì, mo bá a níwájú ilé, ó fi aṣọ tútù lé orí. Delbert tó ń gbé lódìkejì jókòó síbòòji rẹ̀. Ó ní, "Verna, bí mo bá kú lónìí tí mo sì bára mi lọ́run àpáàdì, màá ní kí wọ́n bá mi wá súẹ́tà. Ìwọ náà, kí lò ń ṣe nínú ààrò yẹn? Wá jókòó lọ́dọ̀ mi, kúlà tèmi ń ṣiṣẹ́."

Mama Verna ti dìde. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan. Èmi ni mo sọ pé, "Mama, Ramón ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí o. Bí kò bá wá bá yín nílé ńkọ́?"

Ó jókòó padà. N kò pe Ramón rárá. Lọ́jọ́ ikú mi, ẹsẹ̀ kan tó gbé tó sì dá padà yẹn ni mo máa rí.

Mo na ìwé náà sí i. "Ẹ ò ṣe kúkú lọ bá Curtis? Ìlú wọn tutù."

Ó wò mí pẹ́. "Ṣé ooru ló rán ẹ ni, Yesi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ́wọ́ gba ìwé náà, ó sì fi í fẹ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, aago mẹ́fà ààbọ̀, aṣọ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ohun tó burú jù nìyí. N kò kan ilẹ̀kùn. Mo gba ẹ̀yìn ilé, mo ṣí tápù. Mo dúró kí omi tó gòkè, kí koríko inú kúlà tó rin gbingbin, kí ẹnikẹ́ni tó bá dé má baà bi mí ní ìbéèrè. Mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń dún ṣín-ín-ṣín-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ síwájú, mo kan ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ṣí i, mo sì pariwo.

Inú balùwẹ̀ ló wà, nílẹ̀, láàárín àwọn ìwé. Ara rẹ̀ gbẹ, ó ń jó bí ìkòkò orí iná. Ó ṣì ń mí. Afẹ́fẹ́ tútù ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó la ojú díẹ̀, ó ní, "O ti tún un ṣe. O ṣé o, ọmọ mi." Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Nọ́ọ̀sì kan gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ní ká ní wọ́n tètè rí i díẹ̀ sí i ni, bóyá.

Curtis fọwọ́ sí ìwé náà nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Wọ́n wó ọgbà. Wọ́n kọ́ ohun tó wà nínú àwòrán. Mo sì gba fèrèsé mi. Níbi tí ilé Mama Verna wà, àlejò ń jókòó síta mu ọtí, páìpù tín-ín-rín sì wà lókè orí wọn tó ń fọ́n omi bí ìrì kí ooru má baà mú wọn. Ṣín-ín-ṣín-ín ló ń dún látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo omi tí mo fi du Mama Verna, ibẹ̀ ló wá ń dà sí.

Curtis fi páálí ìwé mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìyá òun sọ pé èmi nìkan ló ń kà wọ́n. N kò lè ṣí wọn, àfi ní oṣù tó kọjá. Nínú èyí tó ń kà lọ́wọ́ kó tó kú, mo rí káàdì Ramón níbi tó dé. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lára rẹ̀, Mama Verna sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Má pè é. Yesi ní òun á bójú tó o." Káàdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. Nítorí mi ni kò fi pè é.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà. Ọ̀gbẹ́ni Curtis, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ fi ìwé ìjẹ́wọ́ yìí lé lọ́wọ́, lẹ́yìn náà màá gbé e lọ fún àwọn ọlọ́pàá. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Mo ń tọrọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Bí ẹ kò bá lè fún mi, mo gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dúró lójú fèrèsé, tí ẹ ń wo ọ̀nà kí ayé yín bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn yín kí ẹ mọ ẹni tó wà nínú ooru nítorí yín. Bí ẹ bá sì rí aṣọ pupa lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn láyé yìí, ẹ kan ilẹ̀kùn.