Èmi Tí Mo Ń Fi Ìka Ka Bíbélì, N Kò Mọ̀ Ọ́n Kà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù sí mi láyà. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí ìkórè ìjọ wa ti dé tán, n kò sì mọ ohun tí màá sọ fún ọmọ kan tí mo ṣẹ̀.

Afọ́jú ni mí. Mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì kí ojú mi tó lọ. Ìjọ wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló rán mi níwèé dé yunifásítì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bíréèlì, ìwé oníkókó wínníwínní tí àwa tí a kò ríran ń fi ìka kà, kò wọ̀ mí lórí rárá. Ohùn inú fóònù ni mo fi kàwé jáde. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo gboyè, ìjọ ra Bíbélì bíréèlì fún mi. Ó kún ẹ̀yìn mọ́tò àlùfáà. Wọ́n ní kí n fi ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ ìkórè. Ojú tì mí láti sọ òótọ́. Mo ń gbọ́ orí náà lórí fóònù títí mo fi há a sórí, mo wá ń fi ìka wọ́ ojú ìwé níwájú ìjọ. Àwọn èèyàn sunkún. Ọdọọdún ni mo ń ṣe é láti ìgbà náà.

Ìyá Tóyọ̀sí, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa, wá bá mi. Afọ́jú ni wọ́n bí Tóyọ̀sí. Ìyá rẹ̀ ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ kó lè máa fọwọ́ kàwé bíi tiyín."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Màmá, ta ló ṣì ń lo ìyẹn? Ìwé kan ṣoṣo, bí àpò ìrẹsì! Fóònù ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ pé fóònù kò dára. Òun ló sọ mí dèèyàn. Ṣùgbọ́n èmi ti fojú rí lẹ́tà kí n tó fọ́jú. Tóyọ̀sí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó lọ ṣèdánwò ìwọlé sí ilé ìwé tó ń gba àwọn afọ́jú ní Yaba, wọ́n gbé ìbéèrè bíréèlì síwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni màá tẹ̀ kó fi sọ̀rọ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a padà sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké kó lọ bẹ̀rẹ̀ bíréèlì láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ìyá àgbà" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó ń dárúkọ mi nínú ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ yẹn korò lẹ́nu mi.

Tóyọ̀sí ti ń mọ̀ ọ́n kà díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ́ mi?" Mo ní mi ò fẹ́ kó ṣe wàhálà ni. Mo tún purọ́.

Ó ti wá tọrọ lọ́wọ́ àlùfáà pé lọ́jọ́ ìkórè, òun fẹ́ dúró tì mí, kí òun máa fi ìka tẹ̀lé tèmi bí mo bá ń kà. Àlùfáà gbà. Inú ìyá rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Mo ti gbàdúrà, mo ti gbààwẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń ronú láti ní ara mi kò yá lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bí mo ṣe burú tó. Bó bá gbé ìka lé e, yóò mọ̀ pé n kò mọ ibi tó jẹ́ òkè ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀: ọmọ náà ni, ìyá rẹ̀ ni, àbí ìjọ tó rán mi níwèé?