Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Náà Kò Bàjẹ́

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Inú ọkọ̀ mi ni mo wà báyìí, níwájú ibi iṣẹ́ mi ní Tinley Park, ní Amẹ́ríkà níbí, mo tìlẹ̀kùn mọ́rí. Oúnjẹ ọ̀sán mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta sí òní, lọ́yà kan láti Ítálì yóò pè mí lórí fídíò. Yóò ní kí n búra, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni mo sì ti sọ tẹ́lẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé e kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Woodridge ni èmi àti ọkọ mi, Bàbá Ràmọ́tà, ń gbé. Nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ogún ọdún, ó ní òun fẹ́ mú mi lọ síbi tí kò sí iṣẹ́, tí kò sí yìnyín. Bí a ṣe dé Ítálì nìyẹn, ní abúlé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ sórí òkè. Ilé olókùúta ló kún ibẹ̀, wọ́n fún mọ́ra bí eyín àgbàdo. Àwọn ọ̀nà rẹ̀ tóóró débi pé mọ́tò kò lè wọ̀ wọ́n. Àlejò tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ láìmí gúlegúle, kẹ̀kẹ́ oníná ni yóò gùn, èyí tí bátìrì máa ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin tó ń yá àwọn àlejò ní kẹ̀kẹ́ náà ń jẹ́ Nino. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun nìkan ló ń dá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Ó fún bíréèkì méjèèjì pọ̀ lójú mi, ó ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú, kò sún. Ó wá fọwọ́ kan bàtà mi. Ó ní bí mo bá ti dúró, kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, torí bí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, kẹ̀kẹ́ á fò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un sọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mo tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, pé bàbá yìí ti ń sọ̀rọ̀ jù.

Ọkọ mi dúró lókè, ó ń ya fọ́tò. Èmi ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ kan, bàbá arúgbó kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń bó èèpo ẹ̀wà tútù. Bí ó ṣe rí mi, ó fi ọ̀pá dìde, ó ṣí fìlà, ó kí mi ní èdè wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Arúgbó tó ju bàbá mi lọ ṣí fìlà fún mi! Mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ sì dúró. Mo tún un sọ, kẹ̀kẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀, èkejì wà lórí pẹ́dà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ọ̀fà, ọmọbìnrin kì í nàró ṣánṣán kí àgbà. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Mo tú ọwọ́ kúrò lára bíréèkì, mo tẹ orúnkún méjèèjì, mo ní, "Ẹ káàsán o, bàbá."

Orúnkún tí mo tẹ̀ yẹn ló ti ẹsẹ̀ mi mọ́ pẹ́dà. Kẹ̀kẹ́ fò síwájú, ó gbá bàbá lẹ́sẹ̀, bàbá sì ṣubú sórí àtẹ̀gùn òkúta. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ìró náà. Egungun ìbàdí ni.

Ọkọ mi sáré dé. Ó ní, "Subhanallah! Ìyá Ràmọ́tà, are you okay? Bíréèkì ni, àbí? The brake failed, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí tí mo mì yẹn ni gbogbo rẹ̀. Ojú ń tì mí ni, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní kí àwọn ará àdúgbò má gbé bàbá nílẹ̀, mo ká aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí áńbúláǹsì fi dé. Ẹnu mi ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìyẹn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi mí, mo ní bíréèkì kò mú, mo sì fọwọ́ sí i. Ọkọ mi, tí kò rí nǹkan kan, fọwọ́ sí i pé òun rí mi tí mo ń fún bíréèkì. Lójú tiẹ̀, irọ́ kọ́ nìyẹn. Èmi ló gbà gbọ́.

Nígbà tí a padà dé, ó ṣe sàárà, ó ní Ọlọ́run yọ ìyàwó òun. Àwọn ààfáà ṣàdúà fún wa, gbogbo èèyàn jẹ ìrẹsì. Èmi náà jẹ ẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé egungun á jinná, ọ̀rọ̀ á tán. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún pẹ̀lú nọ́ńbà òkèèrè, mi ò kì í gbé e. Nígbà ọdún Iléyá, mo nàró kí ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti wọ̀ mí lẹ́wù. Wọn ò mọ̀ pé bí mo bá ti tẹ orúnkún, ìró egungun yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ímeèlì dé. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù Nino pa. Ó wà nílé ẹjọ́, wọ́n lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n pé ó gbé kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ fún àlejò. Ohun tí èmi àti ọkọ mi bá sọ ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa fi dá a lẹ́jọ́.

Ọkọ mi ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Schaumburg kí ó lè jókòó tì mí. Láàárọ̀ yìí ó ní, "Just say what you said before, jàre. Kò le." Òun náà máa búra. Ìwé tó fi fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà ṣì wà níwájú ìjọba, wọn ò tíì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo ti sọ ọkọ mi di òpùrọ́ níwájú ilé ẹjọ́, wọ́n sì lè gba ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, ẹni tó kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta ló máa ṣẹ̀wọ̀n mi. Àwa méjèèjì á sì ti fi Ọlọ́run búra èké.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, ṣé kí n sọ fún ọkọ mi lónìí, kí ó tó gbé ọwọ́ sókè búra? Ibo ni màá ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ohun kan ṣì kù. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí bàbá arúgbó náà sọ mọ́ ímeèlì náà, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí. Ó ní lójú òun, kẹ̀kẹ́ náà ti dúró kí ó tó tún fò, ìyẹn ni kò yé òun. Ó ní ṣùgbọ́n obìnrin náà tẹ orúnkún kí òun, ọmọ tí òun bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Ó ní bí obìnrin náà bá sọ pé bíréèkì ni, bíréèkì náà ni, nítorí ẹni tó lè bọ̀wọ̀ fún àjèjì tó bẹ́ẹ̀ kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Nino, ẹ forí jì mí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà mí gbọ́ mọ́.