Lẹ́ńsì Tí Mo Tà fún Mitsuyo

Ẹ gbé àga yín sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán, nítorí ohùn mi kò lè rìn jìnnà mọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé n kò ní rí òdòdó ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀. Lánàá, ẹnìkan nínú yín béèrè kámẹ́rà tí òun lè fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin yòókù sì ní, “Bi Màmá Sonobe léèrè. Bó bá ti bá ọ yàn án, kò sẹ́ni tó lè tàn ọ́ jẹ.” Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe pè yín jọ lónìí. Mo ti tan ènìyàn jẹ rí, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn. N kò fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀run.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni. Àwa méjì là ń bá Ọ̀gá Hoshikawa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà àlòkù rẹ̀ ní àdúgbò Nakano: èmi ń tajà, Tabuchi ń yẹ ọjà wò. Bí lẹ́ńsì bá wọlé, Tabuchi á tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú rẹ̀, á wò ó bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja, á kọ A fún èyí tó dára jù, B fún èyí tó mọ níwọ̀n, tàbí C fún èyí tó ti bàjẹ́, sórí ìwé pélébé tí a ń so mọ́ ọn, á sì tẹ òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ pupa sí i. Láti ìgbà òjò ọdún yẹn ni mo ti ń rí òun àti Ọ̀gá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí mo bá ti yọ sí wọn, wọ́n á dákẹ́. Orúnkún ń dà mí láàmú nígbà náà, n kò lè dúró pẹ́ mọ́, ni mo bá sọ lọ́kàn mi pé ó ń gba Ọ̀gá níyànjú kó lé mi lọ. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o, àfi ọkàn mi. Bó bá kí mi, mo ń wá ohun tó wà lábẹ́ ìkíni náà. Bó bá gbé tíì fún mi, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń jẹ ẹ́.

Ọkọ mi tó ti kú fi lẹ́ńsì àtijọ́ kan sílẹ̀. Mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kí a lè tà á, láìsọ pé tèmi ni. Tabuchi tan iná sí i, ó mi orí. “Eléyìí ti bu látinú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo bó ṣe ta bí òwú aláǹtakùn. C ni. Ẹ má jẹ́ ká tà á fún ẹni tí ò mọ ọjà.” Mo rò pé ó mọ ẹni tó ni ín, pé ẹ̀sín ló ń fi mí ṣe. Nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán, mo ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo kọ A sórí ìwé tuntun, mo sì tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i. Mo fẹ́ kí ẹnìkan rà á, kó dá a padà, kí ojú ti Tabuchi níwájú Ọ̀gá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Kanzaki Mitsuyo wọlé, obìnrin tí ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tí omi gbígbóná ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pupa. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà,” ló wí. “Kékeré ni mo fẹ́, tí ò wúwo. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní òun á tún jó lẹ́ẹ̀kan sí i níbi ijó Bon tí wọ́n fi ń rántí àwọn baba ńlá lábúlé wa ní Niigata. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jó o, mi ò sì fẹ́ tan iná sí i lójú.” Ara kámẹ́rà tí mo yàn fún un dára, n kò purọ́ níbẹ̀: irú tuntun tí kò ní dígí tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà nínú, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, tó rọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́ńsì tó bá a mu gan-an wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, tó sì ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi ti kàn án. Ni mo bá rí Tabuchi àti Ọ̀gá ní kọ̀rọ̀, wọ́n tún ń sọ̀rọ̀, Ọ̀gá sì wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Lẹ́ńsì ọkọ mi ni mo mú.

Mitsuyo yẹ̀ ẹ́ wò. “Ṣé ó máa wọ̀ ọ́? Ẹnu wọn ò jọra.” Ẹ rí i pé kò gọ̀. Mo ní òrùka kan wà tí a ó fi so wọ́n pọ̀. “Ṣé á máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀?” Mo ní, “Ẹ ó kàn máa fọwọ́ yí i díẹ̀. Bí àwọn ayàwòrán gidi ṣe ń ṣe nìyẹn.” Ó wò mí títí. “Ṣé ó dá yín lójú? Wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún àlòkù.” Mo nawọ́ sí òǹtẹ̀ pupa. “Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Kì í ṣàṣìṣe.” Ló bá tẹrí ba fún mi, ó dúpẹ́.

Oṣù kẹsàn-án ló padà wá. Kò pariwo. Ó to àwọn àwòrán sórí káńtà lọ́kọ̀ọ̀kan: ìkùukùu funfun, àtùpà bébà tó rí bí ẹyin tó fọ́, ojú tí kò ní imú tí kò ní ẹnu. “Ìyá mi nìyí,” ló wí. “Ó jó yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó kú lọ́jọ́ kọkànlá lẹ́yìn ijó náà. Mi ò wá gba nǹkan kan padà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ pé lẹ́ńsì yìí ti bu.” Ọ̀gá gbé ìwé pélébé náà, ó pe Tabuchi. Tabuchi wò ó. “Òǹtẹ̀ mi ni, ìkọ̀wé mi kọ́.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí pé C ni mo pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn.” Ọ̀gá ní, “Sonobe, kí lo rí?” Ẹnu mi lè gbà á là nígbà náà. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Mo rí i nígbà tó ń tẹ òǹtẹ̀ yẹn. Mo rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe ni.” Tabuchi bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí káńtà, ó lọ, kò sì padà wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá gbé àga gíga kan wá sẹ́yìn káńtà. “Tìẹ ni,” ló wí. “Láti ìgbà òjò ni Tabuchi ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n rà á, pé orúnkún ń dùn ẹ́, ojú ló sì ń tì ẹ́ láti béèrè. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n gbé e wá.” Ọdún mẹ́rin gbáko, títí mo fi fẹ̀yìn tì, ni mo fi jókòó lórí àga yẹn tí n kò sọ òtítọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Mitsuyo, mo jẹ́wọ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Ó ní, “Mo ti ń fura sí yín láti ọjọ́ yẹn. Ẹ ò gbójú sókè.” Ó bó èso píà kan, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo fún mi, ó jáde. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mo kọ̀wé sí Tabuchi ní ìlú Kochi tó ń gbé báyìí. Ọmọ rẹ̀ ló fèsì, ó ní bàbá òun ti kà á. Pé láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó tún fi ọjà lé e lọ́wọ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń ra kámẹ́rà, ẹ tan iná sínú lẹ́ńsì fúnra yín, ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fura sí ènìyàn, ẹ lọ bá a, kí ẹ bi í léèrè. Èmi kò bi Tabuchi léèrè rí. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, nítorí ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ mú ìwé ẹgbẹ́ wa, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lónìí, kí ẹ tó kọ ọjọ́ ikú mi: Tabuchi Noboru kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.